Kí Nìyẹn, Màmá?

Kí-Nìyẹn ni gbogbo wa ń pè é nílé wa ní Ìkirè. Kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba orúkọ náà. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ni, ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Èkó. Nígbà tí Kérésìmesì tó kọjá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá rẹ̀ gbé e wá sọ́dọ̀ Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, nítorí pé ibi iṣẹ́ wọn kò tíì fún wọn ní ìsinmi, ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ sì ti lọ sílé fún ọdún.

Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó na ìka sí ewúrẹ́ aládùúgbò. "Kí nìyẹn?" Ó nà án sí igi ìdáná tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Kí nìyẹn?" Nígbà tó yá, ó nà án sí Màmá fúnra wọn. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Èmi ìyàwó rẹ ni, ọkọ mi. Àbí o ò mọ̀ mí mọ́ ni?"

Kí n tó máa bá ìtàn mi lọ, mo ní òtítọ́ kan láti sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ Màmá. Iṣẹ́ dòdò Ìkirè ni Màmá ń ṣe. Nínú ọdún méjìlá yẹn, n kò bi wọ́n léèrè rí bí wọ́n ṣe ń dín in.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá yóò mọ dòdò wa. Kì í ṣe dòdò pupa rúsúrúsú tí a fi ń jẹ ìrẹsì ni mo ń sọ. Dòdò Ìkirè dúdú, ó ta lẹ́nu, ó sì dùn. Ewé ni wọ́n fi ń dì í láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ló pọ̀ jù báyìí. Bí ọkọ̀ bá ti dẹ eré ní ìlú wa, àwọn tó ń tà á á ti sáré dé ẹnu fèrèsé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ní ọgbà kan ní Ìkirè, náà ń rà á. Owó dòdò ló ra aṣọ ilé ìwé mi, òun náà ló ra ìwé mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọmọ Oní-dòdò. Wọ́n ní aṣọ mi ń rùn epo. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sún mọ́ ìdí agbada mọ́. Mo máa ń pọn omi, mo máa ń fọ abọ́, mo máa ń gbálẹ̀. Àmọ́ bí Màmá bá pè mí pé, "Àjọkẹ́, wá wo bí epo yìí ti ń ṣe," èmi á ní mo ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n pè mí títí, nígbà tó yá wọn kò pè mí mọ́. Bàbá mi ń wa ọkọ̀, àbúrò wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Kò sí ẹnì kan nínú ilé wa tó kọ́ iṣẹ́ náà. Kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí òun kọ́ ọ.

Kí-Nìyẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìtìjú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo gbogbo àdúgbò, ó wọ́ àpótí kékeré kan lọ sí ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé, ó jókòó ti Màmá. Láti inú yàrá tí mo wà pẹ̀lú fóònù mi ni mo ti ń gbọ́ wọn.

"Kí nìyẹn?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni."

"Ó ti bàjẹ́!"

"Kò bàjẹ́, ọkọ mi. Ó pọ́n ni. Èyí tó dúdú lára yìí ló dùn jù."

"Kí ló dé?"

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní ìtàn tí àwọn bá lẹ́nu àwọn ìyá wọn ni pé obìnrin kan wà ní ìlú wa láyé àtijọ́ tí kò ní ohunkóhun nílé ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà lọ. Ẹlòmíràn ìbá dà á nù. Obìnrin yìí bó o, ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi iyọ̀ àti ata gígún sí i, ó dín in. Àwọn tó tọ́ ọ wò béèrè òmíràn. "Ìdí nìyẹn," ni Màmá wí, "tí a kì í fi í sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàjẹ́ nínú ilé yìí."

Mo gbé fóònù mi sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì pé bí èso bá ṣe ń pọ́n sí i ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Ṣúgà yẹn náà ló ń mú kí dòdò wa tètè dúdú nínú epo gbígbóná. Mo ti kọ ìdáhùn yẹn nínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì, ṣùgbọ́n n kò ronú kan agbada tó wà lẹ́yìnkùlé wa.

Ojoojúmọ́ ni ìbéèrè ń pọ̀ sí i. Nígbà tí Màmá da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo tí epo sì ń hó yaya, ọmọ náà béèrè pé, "Kí ló ń sọ?" Màmá kò ní kó dákẹ́. Wọ́n dá a lóhùn bí ẹni ń dá àgbàlagbà lóhùn. "Omi inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń bá epo jà. Bó bá ṣì ń pariwo báyìí, kò tíì jinná. Bí ariwo bá lọ sílẹ̀, kí a la ojú wa, kí a máa rò ó, ó ti fẹ́ tó." Ọmọ náà tẹ́tí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó kígbe pé, "Ó ti dákẹ́!" Màmá sì ní, "O káre, ọkọ mi."

Ohun tó tún ń dà á láàmú ni Kérésì. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé Kérésì ń bọ̀. Rédíò ń sọ ọ́, àwọn ọmọ àdúgbò tó ń yin bángà ń sọ ọ́, Màmá náà ń sọ ọ́. Òun rò pé èèyàn ni. Ní ìrọ̀lẹ́, á lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. "Kérésì dà?" Màmá á ní ó wà lọ́nà. "Ṣé ó máa jẹ dòdò?" Màmá á ní, "Ta ni kì í jẹ ẹ́?" Láti ìgbà náà ló ti ń tọ́jú dòdò kan sínú ọ̀rá lábẹ́ àpótí rẹ̀ de Kérésì. Èèrùn ló kọ́kọ́ mọ̀. Màmá á gbọn èèrùn dànù, wọ́n á fi dòdò tuntun rọ́pò rẹ̀, wọn kì í sì í bá a wí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó béèrè pé, "Níbo ni Kérésì ti ń bọ̀?" Màmá yíjú sí mi. "Àjọkẹ́, ìwọ lo lọ sílé ìwé. Dá a lóhùn."

Ó pẹ́ tí Màmá ti bi mí ní nǹkan gbẹ̀yìn. Mo sọ fún wọn pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ CMS pàdé ní Àgbádárìgì, wọ́n sì ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Láti etí òkun lọ́hùn-ún ni ìhìn náà ti rin ìrìn àjò wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Màmá mi orí. "Àgbádárìgì! Ọ̀nà jìn." Kí-Nìyẹn mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Láti ìgbà yẹn, bí ọkọ̀ èrò bá ti dúró, á béèrè bóyá Àgbádárìgì ló ti ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ pọ̀ jù, nítorí gbogbo ọkọ̀ ló ń gbé èrò relé. Oníbàárà kan láti Ìbàdàn ti san owó ọgọ́rùn-ún dòdò, ó fẹ́ wá kó o ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹpẹtẹ ní Àpòmù, ọjà àtijọ́ tí ìtàn ogun Òwu kì í gbàgbé. Nínú owó yìí ni adìẹ ọdún àti ìrẹsì yóò ti jáde. Nínú rẹ̀ náà ni a ó ti san èyí tó kù lára owó ìdánwò àṣejáde mi.

Ní ọ̀sán, Màmá fẹ́ wọlé lọ mú ọ̀rá. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, bá mi wo ọmọ yìí. Mo ń bọ̀." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò aṣọ ọdún rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, mo sì ń dá a lóhùn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ìgbà tí mo gbé ojú sókè, Màmá ti wà láàárín ọmọ náà àti agbada. Ó ti dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ti gbé etí sún mọ́ epo láti mọ̀ bóyá ó ti dákẹ́. Màmá kò pariwo, kí ọmọ má baà ta gìrì ṣubú sínú rẹ̀. Wọ́n sáré ki apá ọ̀tún bọ àárín, wọ́n fi tì í sẹ́yìn. Agbada yẹ̀. Epo dà sí apá wọn láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́.

Epo kankan kò kan ọmọ náà. Màmá ni wọ́n ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì jókòó sílẹ̀.

Àwọn aládùúgbò rọ́ dé. Alhaja tó múlé tì wá mú ẹyin wá, ẹnì kan ní kí a fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ara mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí olùkọ́ wa kọ́ wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Omi tútù ni." Mo bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ wọn kí ọwọ́ tó wú. Alhaja fi ẹyin sílẹ̀, àwọn náà bá mi bu omi. A ń da omi tó mọ́ sí apá náà fún ogún ìṣẹ́jú, omi inú àmù tí ọyẹ́ ti mú tutù. Lẹ́yìn náà ni a gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wẹ ojú egbò náà ní omi yẹn ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó wé e, ó fún wọn ní oògùn, ó ní wọn kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lálẹ́, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo fà á. Fóònù ni mò ń wò."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ọmọ kò fara pa," ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Fóònù kò lójú, Àjọkẹ́. Ìwọ lo lójú." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá sàn fún mi bí wọ́n bá nà mí.

Wọ́n ní àwọn yóò dá owó oníbàárà padà. Mo wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà ní igun yàrá. Ó ti pọ́n dé góńgó, kò lè dúró de ẹ̀yìn ọdún. Mo ní, "Màmá, èmi á dín in."

"Ìwọ?"

Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn yà wọ́n lẹ́nu ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo dáná. Oògùn ti mú Màmá sùn, n kò sì fẹ́ jí wọn. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan. Èyí tí mo kọ́kọ́ dín, mo gé e tóbi jù, epo sì gbóná jù. Ó jó lẹ́yìn, inú rẹ̀ kò jinná. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù bà mí, mo tètè kó o. Ó pupa rúsúrúsú bí dòdò inú ìrẹsì. Mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo gbọ́ tí àpótí ń wọ́ bọ̀. Kí-Nìyẹn ti jí. Mo fi èédú fa ìlà sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí iná, mo ní kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn ìlà náà. Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mo dà á sínú epo. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo na ṣíbí láti kó o.

"Àǹtí, ó ṣì ń sọ̀rọ̀," ni ọmọ náà wí. "Kò tíì dákẹ́."

Mo dá ọwọ́ dúró. Mo tẹ́tí. Lóòótọ́ ni, epo ṣì ń pariwo. Mo ti gbọ́ ariwo yẹn láàárọ̀ láàárọ̀ fún ọdún méjìlá, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ tẹ́tí sí i. A dúró, èmi àti ọmọ ọdún méjì. Mo ń rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ariwo náà lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, títí ó fi ku ṣíọ̀ṣíọ̀. Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Ó ti dákẹ́!" Mo kó o sínú ajere. Ó dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi kì í ṣe ọmọdé, n kò sì tíì di àgbà. Ọwọ́ mi ìbá ti tó pẹpẹ tipẹ́. N kò nà án ni.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí Màmá jáde, tí wọ́n gbé apá tí a wé mọ́ àyà. Wọ́n fi ọwọ́ òsì mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́, ojú wọn kò yí padà. "Iyọ̀ kéré," ni wọ́n wí. "Fi kún ti èyí tó kù."

Mo ní, "Màmá, kí ni ẹ fi ń wọn iyọ̀?"

Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn sókè. "Ọwọ́ ni. Mú tìrẹ wá." Mo tẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n ń bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ní, "Ó tó. Wò ó dáadáa. Bó ṣe rí lọ́wọ́ rẹ yìí ni kí o máa rántí." Wọ́n tún fi hàn mí bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó tó tutù, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ara. Nígbà tí oníbàárà dé, dòdò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nílẹ̀. Màmá sọ òtítọ́ fún un, wọ́n dá owó mẹ́rin padà.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a padà dé, a gbé ìrẹsì fún Alhaja bí àwọn náà ti máa ń gbé ẹran Iléyá fún wa. Aṣọ ọdún mi ń rùn epo díẹ̀. Mo mọ̀, n kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Kí-Nìyẹn padà wá láti ẹnu ọ̀nà. "Kérésì dà?"

Màmá ní, "Ó ti wọlé. Ìwọ náà wá a."

Ó wá a lábẹ́ ibùsùn, ó wá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí kò rí i, ó lọ mú dòdò tó tọ́jú pamọ́, ó gbé e fún Màmá. "Kérésì ò wá. Ẹ jẹ ẹ́." Màmá fi ọwọ́ òsì gbà á, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Apá Màmá ti jinná báyìí, ó ku àpá. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo ń wà nídìí agbada, mo sì ní ìwé kan tí mo ń kọ ìdáhùn wọn sí: irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kì í rà, ìgbà tí epo ń gbóná jù, bí a ṣe ń mọ̀ pé ata ti tó. Abéèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Mo ti wá mọ̀ pé èèyàn lè máa gbé nínú ilé ara rẹ̀ kó sì ṣìnà, bí kò bá béèrè. Bí àgbà kan bá wà nílé yín, ẹ lọ bi í ní nǹkan kan lónìí, kó má baà rẹ̀ ẹ́ láti máa pè yín.

Kí-Nìyẹn ti padà sí Èkó. Ní Sátidé tó kọjá, ìyá rẹ̀ pè wá lórí fóònù, ọmọ náà sì gbọ́ ariwo epo. "Àǹtí, ṣé ó ti dákẹ́?"

Kí n tó dá a lóhùn, Màmá ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Kò tíì dákẹ́ o, ọkọ mi," ni wọ́n wí. "Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."